Ohun Tí Múyì Rí Lábà Jùbrílù

Òjò ló kọ́kọ́ mú wọn pàdé. Múyì ń bọ̀ láti ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Lálúpọn, ó ń wá mọ́tò Adégbayì. Òjò ò jẹ́ kó dé gáréèjì. Ó sá sábẹ́ páànù kan létí títì, níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó gbé àpótí ìjókòó fún un.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Òjò yìí ò ní í dá bọ̀rọ̀."

Múyì jókòó. Ó yọ ìwé nínú báàgì, ó ń kà á. Ọkùnrin náà wò ó títí.

"Ìwé wo lẹ ń kà tí ẹ ò fi gbọ́ ariwo páànù?"

"Ìwé fìlọ́sọ́fì ni. Mò ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì."

"Kí ni wọ́n sọ síbẹ̀?"

Àwọn èèyàn kì í sábà bèèrè. Wọn a ní "ẹ kú iṣẹ́," wọn a yí ọ̀rọ̀ padà. Múyì pa ìwé dé.

"Àwọn kan wà láyé àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n ní inú ọkàn la ti ń rí ayé. Wọ́n ní ohun tí ojú kankan ò rí, tí ọkàn kankan ò rò, a ò lè sọ pé ó wà."

Ọkùnrin náà ronú. "Ẹ̀gẹ́ mi wà lóko báyìí. Èmi ò rí i. Ẹ̀yin ò rí i. Kò sí nìyẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, ká má fa ọ̀rọ̀ gùn."

"Kí wọ́n wá bá mi sọ ọ́ fún òyà. Lálaalẹ́ ni òyà ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà, kò sì bi mí rí bóyá mo rántí rẹ̀."

Múyì rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ka ìwé náà láti ọdún mẹ́fà. Kò rántí ọjọ́ tó pa á lẹ́rìn-ín rí.

"Èmi náà ò gba tiwọn tán," ó ní. "Àwọn mìíràn dé lẹ́yìn wọn. Àwọn ni mò ń kọ̀wé lé lórí. Àwọn yẹn ní ká tó jà lórí pé nǹkan wà tàbí kò sí, ká kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ká gbé ohun tí wọ́n ti sọ fún wa nípa rẹ̀ sílẹ̀ ná, orúkọ rẹ̀, ìtàn rẹ̀, àhesọ tó wà nídìí rẹ̀. Ká wá jókòó tì í, ká sọ bó ṣe fara hàn wá gan-an, ká má fi kún un, ká má yọ níbẹ̀."

"Ìyẹn le."

"Ó le."

"Ẹ ti ṣe é rí?"

Ìbéèrè náà wọ Múyì lára. Ó ti kọ igba ojú ewé nípa rẹ̀. Kò tí ì ṣe é rí.

"Mahfuz lorúkọ mi," ni ọkùnrin náà wí. Òjò ti dá. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wọn.

Ọdún kan àbọ̀ kọjá. Gbogbo ọjọ́rú ni Múyì ń yà lábẹ́ páànù náà, bí òjò rọ̀, bí kò rọ̀. Kò sọ "ẹ" fún Mahfuz mọ́, Mahfuz náà ò pè é ní "Àǹtí" mọ́. Mahfuz ti kàwé dé polí kó tó padà sídìí ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀. Kò fi ẹ̀gẹ́ tijú. Ohun tí Múyì kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń ba Múyì. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin méjì ti fi í sílẹ̀ rí, wọ́n ní obìnrin tó ń ronú jù ò ṣe é gbé pọ̀. Ṣé kò ní í sú Mahfuz náà?

Lọ́jọ́ kan wọ́n dúró ti alágbàdo sísun ní Ìyànà Ọ̀fà. Ojú Múyì kò dáa.

"Ọ̀gá mi ní yunifásítì sọ pé ìwé mi gún régé, ṣùgbọ́n kò séèyàn nínú rẹ̀. Ó ní kí n wá ẹnì kan tó wà láàyè, tí ayé ń fara hàn án lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiwa, kí n kọ bó ṣe rí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò ní í fọwọ́ sí i."

"Wàá rí i." Mahfuz ṣẹ́ àgbàdo sí méjì, ó fún un ní èyí tó gùn. "Èmi náà ń wá ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Ìyàwó."

"O ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Lálúpọn?"

"Mò ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ àgbàdo mi."

Múyì jẹ àgbàdo náà tán kó tó dáhùn. "Wá rí bàbá mi."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lo wí yẹn?"

"Mo ní wá rí bàbá mi. Kí lo tún fẹ́ gbọ́?"

Tíṣà Akíntáyọ̀ ni bàbá Múyì. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ nílé ìwé ìjọ Áńgílíkà kó tó fẹ̀yìn tì sí Adégbayì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Múyì nìkan ni wọ́n bí. Tíṣà kì í pariwo. Bó bá ti ní rárá, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ó gba Mahfuz lálejò dáadáa. Ó bi í nípa oko, ó bi í nípa ìwé tó kà. Nígbà tí Mahfuz lọ tán, Múyì sún mọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ṣé torí pé Mùsùlùmí ni ojú yín ṣe rí báyìí?"

"Mùsílímátù ni wọ́n ń pe ìyá tó bí mi kó tó wọ ìjọ. Ẹ̀sìn kọ́ ni mò ń wò."

"Ẹ̀gẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀gẹ́ ló rán ìdajì àwọn ọmọ tí mo kọ́ lọ sí yunifásítì. Ìdílé ni mo fẹ́ mọ̀. A ó wádìí."

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kí ìdílé tó fọmọ fún ìdílé, wọn a rán ẹni tí ẹnu rẹ̀ bò lọ sí àdúgbò ọkọ. Yóò bèèrè bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá àrùn burúkú wà, bóyá wọ́n máa ń lu aya. Ẹni tó lọ wádìí kì í wọ ilé tó ń wádìí. Bó bá wọ ibẹ̀, wọn a gbé àga fún un, wọn a gbé oúnjẹ fún un, ojú a sì tì í láti sọ òótọ́. Ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ló ń mọ.

Àǹtí Dorothy ni wọ́n rán, àbúrò Tíṣà. Òun ló wádìí ìgbéyàwó mẹ́sàn-án nínú ẹbí, kò sì sí èyí tó tú. Ó fẹ́ràn Mahfuz. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Múyì mọ̀ pé kò dáa.

"Bọ̀dá mi, ọmọ náà ò ní àléébù. Kì í mutí, kì í jà, kò kó obìnrin jọ. Bàbá rẹ̀ ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Orí rẹ̀ ò pé mọ́. Ẹni mẹ́ta ni mo bi: ọkùnrin kan tó ń ta bẹntiróòlù níyànà abà wọn, ìyá àgbà kan, àti ọlọ́kadà tó ń kó ẹrù lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀. Wọ́n ní Bàbá Jùbrílù ń dá rìn lóko, ó ń dá sọ̀rọ̀. Ó ń kí igi. Ó ń bá ebè sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Tíṣà dìde lórí àga.

"Rárá," ó ní.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Wèrè kì í tán nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Rárá, Múyì."

Àǹtí Dorothy tẹ̀ lé Múyì wọ yàrá.

"Àǹtí, ṣé ẹ rí bàbá náà?"

"Èmi? Ṣé wọ́n máa ń wọlé ni?"

"Ẹ ò rí i."

"Ẹni mẹ́ta ló sọ fún mi!"

"Ẹni mẹ́ta sọ fún yín. Ojú yín ò tó o."

"Ìwé yìí ti bà ọ́ jẹ́ pátápátá," ni Àǹtí Dorothy wí. Ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Múyì jókòó ti igba ojú ewé rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà pé ká gbé àhesọ sílẹ̀, ká lọ wo nǹkan fúnra wa. Bí kò bá lè ṣe é lórí bàbá ẹni tó fẹ́ fẹ́, kí ló ń kọ ọ́ fún? Bó bá sì jẹ́ wèrè ni lóòótọ́ ńkọ́? Á kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó pe Mahfuz lórí fóònù.

"Mahfuz, ṣé orí bàbá rẹ pé?"

"Ó ń dá sọ̀rọ̀. Mo bi í, ó ní oko òun lòun ń bá sọ̀rọ̀. Lálúpọn ni mò ń sùn, àárọ̀ nìkan ni mò ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ̀, Múyì."

"Mò ń bọ̀ lábà. Ọjọ́ mẹ́ta. Má tẹ̀ lé mi."

Bàbá Jùbrílù ga, ó gbẹ, fìlà rẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Múyì kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ Tíṣà nìyí. Mahfuz ti sọ̀rọ̀ rẹ títí etí fi ń ro mí. Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá jókòó, Bàbá."

"Láti ṣe kí ni?"

"Láti wò."

"Àga wà lábẹ́ ọsàn. Máa wò."

Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó lọ. Múyì ṣí ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Dorothy gbé wálé. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó rí nìkan ló kọ. Bàbá fọwọ́ kan òpó ilé. Ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́ bó ti ń rìn. Ó dé mẹ́tàdínlógún, ó ní "kùkùté," ó yà sọ́tùn-ún. Ó rin mọ́kànlá, ó gbé ohùn sókè: "Àràbà, ṣé o wà ńbẹ̀?" Ó dúró bí ẹni ń retí èsì. Ó yà sósì. Ó fọwọ́ kan ewé ẹ̀gẹ́ kó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Ebè rẹ̀ gún.

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́tàdínlógún ni, kùkùté ni. Mọ́kànlá ni, àràbà ni. Múyì gbé ojú ewé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nǹkan kan fẹ́ yé e. Kò jẹ́ kó tètè yé òun. Ó ní ó ku ọjọ́ kan.

Lọ́jọ́ kẹta ó gbé agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún bàbá náà. Nígbà tí kò bá a nílé, ó gbé e kalẹ̀ láàárín ilé àti kùkùté, ó lọ pọnmi. Ọ̀sán ni. Oòrùn wà lókè. Bàbá Jùbrílù ti oko dé, ó ń ka ẹsẹ̀ bọ̀. Ó wà ní mẹ́jọ nígbà tó fẹsẹ̀ kọ agbọ̀n. Ó ṣubú.

Múyì ju garawa sílẹ̀, ó sáré. Àgbà náà ò ké. Ó ń fọwọ́ wá inú agbọ̀n.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Ojú ọ̀nà lo gbé e sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀sán gangan sì ni."

Àgbà náà gbé ọwọ́ kúrò nínú agbọ̀n.

"Ọ̀sán gangan ni," ni Bàbá Jùbrílù wí. "Ó ti tú nìyẹn."

Múyì gbé e dìde, wọ́n lọ jókòó lábẹ́ ọsàn.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Ọdún kẹta rèé. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló kù, bí ẹni ń wo òkè láti inú kànga. Mo lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn, èmi nìkan. Mo purọ́ fún Mahfuz pé ọ̀rẹ́ mi kan ló kú. Wọ́n ní èyí tó lọ ti lọ."

"Àràbà tí ẹ ń kí ńkọ́?"

"Níbi tí igi ńlá bá wà, ohùn kì í lọ jìnnà. Ó ń kọ lù ú, ó ń padà. Bí mo bá pariwo sí i tí ohùn mi yára bọ̀, mo mọ̀ pé mo ti dé. Bó bá sì ti gbà mí lójú ọ̀nà, ṣé kò yẹ kí n kí i?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn ará ọ̀nà gbọ́ mi. Wọ́n ní orí mi ti yí. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹni tí orí rẹ̀ yí, bó bá ṣáà ń ro oko rẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀. Afọ́jú ni wọ́n máa ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Múyì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó wá nìyí. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ṣé mo lè kọ ọ́ sínú ìwé tí mò ń kọ?"

"Rárá."

"Mi ò ní í dárúkọ yín."

"Àràbà kan ṣoṣo ló wà lábà yìí. Gbogbo Lálúpọn ló mọ̀ ọ́n."

Ọdún méje ààbọ̀ rèé tí Múyì ti wà lórí ìwé yìí. Ó wo àwọn ojú ewé ọjọ́ mẹ́ta náà. Ó ya wọ́n kúrò nínú ìwé, ó fi wọ́n lé bàbá náà lọ́wọ́.

"Kí nìyí?"

"Ohun tí mo rí."

Bàbá Jùbrílù ká a, ó fi í sábẹ́ fìlà. "O ṣeun."

"Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín. Bàbá mi ti kọ̀ nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nípa orí yín. Mi ò ní í sọ ti ojú fún un. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọlé ọkọ pẹ̀lú ohun tí mo fi pa mọ́ fún un. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ fún Mahfuz."

"O le bí ìyá rẹ̀," ni àgbà náà wí. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán. "Mà á sọ fún un. Bàbá rẹ wá ńkọ́?"

"Á wá wò fúnra rẹ̀."

"Kó wá."

Tíṣà ń ka ìwé ìròyìn nígbà tí Múyì délé. Kò gbójú sókè.

"Mo gbọ́ pé o lọ. Kí lo rí?"

"Mi ò ní í sọ, Bàbá."

Ó gbójú sókè.

"Bí mo bá sọ, mo di ẹni kẹrin lẹ́yìn àwọn mẹ́ta tí Àǹtí Dorothy bi. Ẹ lọ wò ó. Bẹ́ ẹ bá wò ó tán tí ẹ ṣì ní rárá, mi ò ní í dárúkọ Mahfuz nílé yìí mọ́."

"Àwa kì í wọ ilé tí a bá ń wádìí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní kíláàsì pé ká má wo ìdáhùn nínú ìwé ẹlòmíràn."

Tíṣà wò ó títí. Ó padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀. Kò sì ṣí i sí ojú ewé mìíràn.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, Mahfuz dúró de Múyì lẹ́nu géètì ilé ìwé. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá ti sọ fún mi. Ó ní o ti mọ̀ ṣáájú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò sì sọ."

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, Mahfuz. Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó ti jáde."

Mahfuz jókòó sórí òkúta. "Àràárọ̀ ni mò ń rí i. Àràárọ̀! Mi ò rí nǹkan kan."

"O fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí a bá fẹ́ràn, bó ṣe rí lánàá là ń rí."

"Mo na okùn fún un láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àràbà. Ó já a. Ó ní ṣé ewúrẹ́ lòun ni?"

Múyì fẹ́ dá ẹ̀rín dúró. Kò rí i dá. Mahfuz náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Múyì lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹni náà, òun ò sì lè kọ ọ́. Ọ̀gá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kó kọ ti ara rẹ̀ nígbà náà, ti ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ tó sì gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ewé mọ́kànlélógójì ló jáde nínú rẹ̀, kò sí àràbà kankan níbẹ̀. Ọ̀gá náà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n inú Múyì ò tí ì balẹ̀. Tíṣà ò tí ì jáde nílé.

Ọjọ́ Sátidé kan ló jáde. Ó dé fìlà, ó mú agbòòrùn, kò sọ ibi tó ń lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Amọ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Àǹtí Dorothy ti wà nílé tó ń retí rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ó ń dá sọ̀rọ̀?"

"Àwa méjèèjì la jọ sọ̀rọ̀."

"Ṣé ó kí igi?"

"Ó kí i. Èmi náà kí i."

"Yéè! Ó ti ran Bọ̀dá mi!"

Múyì ò rẹ́rìn-ín. Ó di etí àga mú. "Kí lẹ rí, Bàbá?"

Tíṣà bọ́ bàtà kan, ó bọ́ ìkejì.

"Mo rí àgbà kan tó ń ro oko rẹ̀. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Sọ fún wọn kí wọ́n wá tọrọ."

Àǹtí Dorothy pàtẹ́wọ́. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè.

"Dorothy, lọ́jọ́ náà, àga kankan ò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà láti géètì dé pálọ̀. Agbọ̀n ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ìkòkò òdòdó yẹn náà, ẹ gbé e kúrò."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà gbé e. Èmi fúnra mi ni mà á lọ pàdé Jùbrílù ní géètì. Mà á di ọwọ́ rẹ̀ mú wọlé."

"Ẹ máa di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ọmọdé?"

"Àgbà méjì di ọwọ́ ara wọn mú lọ́jọ́ tí wọ́n di àna. Ta ni yóò bi wọ́n léèrè?"

Múyì kúnlẹ̀. Tíṣà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ní kó lọ bá òun fọ bàtà.